Ọdún Tí Èmi Àti Ọmọ Mi Jọ Ṣe Ìdánwò Ìwọlé

Ìsinmi ọ̀sán la wà nígbà tí èsì ìdánwò àṣejáde ọmọ mi dé. Ní kọ́ńpìnnì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sango, ní Ọ̀tà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ́ọ̀bù àti abọ́ oníke, a kì í mú fóònù dé ìdí ẹ̀rọ. Inú àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà la máa ń kó o sí, a ó wá gbà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n fún wa láti jẹun, láti kírun, láti yà sílé ìgbẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mi ò tíì bu òkèlè kan sẹ́nu. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ṣí fóònù. Ọmọ mi ò kí mi, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan. Àwòrán èsì náà nìkan ló fi ránṣẹ́.

Mo fi àtàǹpàkò fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yorùbá, A1. Kẹ́místìrì, B2. Báólọ́jì, B3. Gẹ̀ẹ́sì, C5. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo rí ìṣirò: D7.

Obìnrin tó jókòó tì mí, tí a jọ máa ń di ẹrù sínú páálí, na ọrùn wò ó. Ó ní, "Ó yege náà kọ́ yìí?" Mo ní ó yege. Ó ti rẹ̀ mí jù láti ṣàlàyé. D7 kì í ṣe òdo lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe kírẹ́díìtì. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni yunifásítì ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. C6 ni ìpẹ̀kun kírẹ́díìtì. Bí D7 ṣe sún mọ́ C6 tó, bí ẹni tó dé gáréèjì nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ bóyá o sáré.

Ọmọbìnrin náà, àkọ́bí mi ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilé ìwé ìjọba ló lọ, ní ìtòsí ilé wa ní Joju. Láàárín ọdún méjì tó kẹ́yìn níbẹ̀, olùkọ́ ìṣirò mẹ́ta ló wá tó sì lọ, nígbà tí ìdánwò sì ku oṣù mẹ́rin, kò sí ìkankan mọ́. Olùkọ́ jọ́gíráfì ló ń wá bá wọn kọ nǹkan sójú pátákó. Lọ́dún kan náà, ọmọ mi ti ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ó gba 248. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́. Gbogbo ẹni tó gbọ́ 248 ló ń kí wa kú oríire. D7 kan ṣoṣo ló wá jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ọdún yẹn lọ báyẹn.

Nígbà tí àyè ìforúkọsílẹ̀ ọdún kejì ṣí, èmi àti ẹ̀ jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Joju. Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti ṣe olùkọ́ rí kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń wo ìwé ọmọ kọ̀ọ̀kan bíi pé ọmọ tirẹ̀ ni. Mo gbé fáìlì ọlọ́rá tí mo ń kó gbogbo ìwé wa sí fún un. Ó ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé ọjọ́ ìbí, èsì D7 yẹn, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mi ò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ló bá fa ìwé kan tó ti pọ́n yọ, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Ta ló ni èyí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà. Ẹ má dá a lóhùn. Ìwé àtijọ́ ni."

"Búrẹ́dì ló máa ń bu," ó ní. "Èsì ìdánwò kì í bu." Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. "Kírẹ́díìtì mẹ́fà. Ìjókòó kan ṣoṣo. B3 nínú ìṣirò! Iṣẹ́ wo lẹ wá ń ṣe, màmá?"

Mo sọ fún un pé mò ń di kọ́ọ̀bù sínú páálí. Ó tún wo ìwé náà. Ọmọ mi ló yíjú sí mi.

"Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ ní B3."

Òótọ́ ni, mi ò sọ ọ́ rí. Ayétòrò ni ilé bàbá mi, ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá. Ọdún tí mo jáde ni àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, wọ́n sì ní kí n lọ bá àbúrò ìyá mi ní Sango, kí n ṣiṣẹ́ kọ́ńpìnnì fún ọdún kan péré, kí n fi kó owó ilé ìwé jọ. Ọdún kan yẹn ló di ogún ọdún. Mo pàdé bàbá àwọn ọmọ mi, mo bí ọmọ mẹ́ta, mo ti ti kọ́ńpìnnì mẹ́rin bọ́ sí ìkarùn-ún. Èsì yẹn ń bá mi kó láti ilé dé ilé. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi sọ ọ́ nù.

Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ní kí n forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo ti ń gbé báàgì mi kí ọmọ mi tó dì mí lápá mú.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ojú ń tì mí láti tún dá a ṣe."

Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe jókòó padà. Mi ò ní purọ́ pé yunifásítì ló wà lọ́kàn mi. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti lọ, ó ku òun nìkan láàárín àwọn ọmọ tó fi ọdún kan jù lọ. Mo rò ó pé tí ìyá rẹ̀ bá wà nínú ẹ̀, ojú ò ní tì í tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a fẹ́ kọ orúkọ mi, bàbá náà ní orúkọ tó wà lórí èsì ni a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní gbà á. Orúkọ bàbá mi ló wà níbẹ̀. Báyìí ni mo ṣe padà di ọmọ Ayétòrò, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́yìn tí mo ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ láti ọjọ́ yìí wá. Ọmọ mi ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, Ṣakí sì ni bàbá rẹ̀ ti wá, nítorí náà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló kọ síwájú orúkọ tirẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí. Kò sí ìkankan nínú wa tó ro nǹkan kan sí i lọ́jọ́ yẹn. Yunifásítì kan náà la mú, ọ̀kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbi tí a ń gbé. Òun mú nọ́ọ̀sì. Èmi ò mọ èyí tí mo fẹ́ mú. Bàbá náà ní, "Ẹ mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ti ìṣirò. Àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá a." Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nìyẹn. Ó fẹ́ tún ìdánwò ìṣirò tí wọ́n fún un ní D7 ṣe, kí ó lè ní kírẹ́díìtì, nítorí náà èmi ni mo di olùkọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì, la máa ń tẹ́ ẹní sẹ́yìn ilé. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kò sí ẹni tó fi ìpìlẹ̀ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún yé e. Ó há gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni há súrà tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Fi ìwé yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀rọ yọ igba kọ́ọ̀bù. Mẹ́rìnlá fọ́. Mélòó ló fọ́ nínú ọgọ́rùn-ún?"

Ó ronú. "Méje."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Igba, ọgọ́rùn-ún méjì ni."

"Ìwọ náà lo wá ń sọ pé o ò mọ̀ ọ́n yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ pé yóò yege. Òun náà ń kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò báyìí, mi ò gbọ́ ọ rí láyé. Mo máa ń ká ojú ìwé kan pọ̀ sínú àpò ìmúra iṣẹ́ mi, kí n lè kà á nínú bọ́ọ̀sì kọ́ńpìnnì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oorun máa ń gbé mi lọ kí n tó kà kọjá ìlà àkọ́kọ́. Tí mo bá ti dúró wákàtí mẹ́jọ, ẹsẹ̀ mi á wú, ojú mi á máa ṣú. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa rí ìwé náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Madam, na you wan go school?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rín in.

Ìlú Ọ̀tà ni wọ́n fi ọmọ mi sí láti ṣe ìdánwò, wọ́n fi èmi sí Ìjù. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wọ okada lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì na ọwọ́ dá mi dúró.

"Màmá, ẹ máa bínú. Àwọn òbí ò gbọdọ̀ kọjá ibí."

Mo ní, "Ìdánwò ni mo wá ṣe."

Ó wo ìwé ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó yà fún mi. Àwọn ọmọdé tó wà lórí ìlà yíjú wò mí, ọmọbìnrin kan sì kúnlẹ̀ kí mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí ojú tì mí jù lọ.

Ibi tí a ti ń tẹ ìka ni ọ̀rọ̀ ti dá dúró. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, èèyàn á gbé ìka lé e, tí ó bá dá a mọ̀, iná aláwọ̀ ewé á tàn. Mo gbé àtàǹpàkò ọ̀tún lé e, iná pupa. Ìka ìfábẹ̀lá, pupa. Ọjọ́ tí a forúkọ sílẹ̀ náà ló ti kọ́kọ́ yọ wá lẹ́nu, àmọ́ bàbá oníṣọ́ọ̀bù ní sùúrù. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé. Obìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà di ọwọ́ mi mú, ó yí i wò lábẹ́ iná.

"Kí lẹ fi ọwọ́ yín ṣe, mà? Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Ike gbígbóná ni."

Ó fi aṣọ nù ún, ó ní kí n fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ìka mẹ́sàn-án ló kọ̀. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ló gbà. Inú obìnrin náà dùn ju tèmi lọ. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò rọrùn fún mi. Gẹ̀ẹ́sì ò rọrùn.

Èmi gba 203. Ọmọ mi gba 261. Nígbà tí èsì ìdánwò ìṣirò tó tún ṣe jáde, C4 ló wà níbẹ̀. Mo wà lórí àga nínú pálọ̀ nígbà tó fi hàn mí. Mo sọ pé, "Alhamdulillah," mo sì sùn lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo jí, bàbá wọn ti dé láti ibi tó ti ń ṣe fèrèsé onígíláàsì, ó ń pe àwọn ará Ṣakí lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wọn. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ló sọ fún wa pé kò tíì parí. Ó fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan. Yunifásítì yẹn á wo máàkì ìdánwò ìwọlé, wọ́n á ro tiwọn mọ́ ọn, wọ́n á wá fún kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ẹni tó ní gbogbo kírẹ́díìtì rẹ̀ ní ìjókòó kan ń gba díẹ̀ kún un. Ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, bíi ti ọmọ mi, kò ní gba ìyẹn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì rèé, ogunlọ́gọ̀ ló ń du àyè díẹ̀.

"Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn," ó ní, "wọ́n máa ya àyè kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀. Ẹ lọ gba ìwé ọmọ onílùú."

Èmi lọ gba tèmi ní Ayétòrò, bàbá ọmọ mi sì mú un lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé náà ní Ọ̀tà. Ọmọ mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ò le mọ́ wọn. Ó béèrè ìlú tí bàbá rẹ̀ ti wá.

Ọmọ mi ní, "Ṣakí ni, sà. Ṣùgbọ́n Ọ̀tà ni wọ́n bí mi sí."

"Mi ò béèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí."

"Ibí ni mo ti lọ sílé ìwé láti kékeré, sà. Mi ò gbé Ṣakí rí."

"Mo gbọ́. Ṣakí ni wọ́n ti máa fún ọ ní tìrẹ."

Ọmọ yìí kan náà ló máa ń bá ìyá onílé wa sọ ẹ̀ka èdè àwọn àgbà Ọ̀tà, tí ìyá náà á máa rẹ́rìn-ín pé ta ló kọ́ ọ. Ó padà sílé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mọ́mì, àṣé àlejò ni mo jẹ́."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀.

Àárọ̀ ni mo ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí orúkọ jáde, mo sì délé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

"Mọ́mì, wọ́n ti mú yín."

Mo ní, "Wọ́n ti mú wa?"

"Ẹ̀yin ni mo ní."

Ó na fóònù sí mi. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀, orúkọ bàbá mi, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nínú ìṣirò, àti ọ̀rọ̀ kí-ni-kú-oríire tí wọ́n máa ń kọ. Nínú ìwé kejì tó jáde, èyí tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀, ni wọ́n ti mú mi. Orúkọ tirẹ̀ ò sí nínú ti àkọ́kọ́, kò sí nínú ti èkejì. Mo dúró síbẹ̀ tèmi ti báàgì léjìká. 261 ò rí àyè, 203 rí i, inú ilé kan náà la sì ti jáde. Mo gbìyànjú láti sọ fún un pé ohun tó mú kò jọ ohun tí mo mú, pé tèmi ni àwọn èèyàn ò wá. Ó ní òun mọ̀. Ó ní, "Ẹ kú oríire, mà." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Nígbà tí mo wo abọ́ náà, ó ti ṣà á tán tipẹ́, ó kàn tún ń ṣà á ni.

Bàbá wọn dé, ó gbọ́ ọ, ó jókòó. Ó ní, "Ìlú mi ló ṣe é." Mo bá a jà sí i. Mo ní èèyàn kì í bínú sí ìlú tí wọ́n bí i sí. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí yunifásítì náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo lo ọjọ́ ìsinmi mi kan ṣoṣo fún un. Mo dúró lórí ìlà títí mo fi dé iwájú ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, ó ti rẹ òun náà. Mo ṣàlàyé. Mo ní kó bá mi fún ọmọ mi ní àyè mi, pé èmi ni mo bí i, pé máàkì rẹ̀ ju tèmi lọ.

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Àyè kì í ṣe ìró tí ìyá ń tú fọ́mọ." Ó béèrè máàkì ọmọ mi, ó gbọ́, ó mi orí. "Tó bá gbà láti yí iṣẹ́ padà, ẹ jẹ́ kó ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Tí kò bá gbà, lọ́dún tó ń bọ̀, kó mú yunifásítì tó sún mọ́ ìlú bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa kà á mọ́ ara wọn."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ọmọ mi ní òun ò yí nǹkan kan padà, nọ́ọ̀sì lòun fẹ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Mi ò lágbára láti bá a fà á.

Ó wá ku èmi àti àyè tèmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wa láti sọ pé a gbà á. Mo lọ bá ọ̀gá níbi iṣẹ́ bóyá wọ́n lè fi mí sí iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ó ní kò sí irú ẹ̀. Ilé ìwé náà, ojoojúmọ́ ni, Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, fèrèsé bàbá wọn nìkan la ó máa jẹ lé lórí, oṣù míì sì wà tí ẹnikẹ́ni kì í gbé fèrèsé fún un ṣe. Mo máa ń rò ó nídìí ẹ̀rọ. Mo máa ń sọ pé ọ̀la ni màá mọ ohun tí màá ṣe. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, mo mọ̀ pé òní ni. Mo fi fóònù sínú àpótí ẹnu ọ̀nà, mo wọlé, mo di páálí títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo jáde, ó ti parí. Ohun tó ṣe mí ò jọ ìbànújẹ́. Mo kàn fẹ́ jókòó ni.

Mi ò sọ ọ́ nílé. Ọmọ mi ló tún rí i fúnra rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ó wá bá mi nílé ìdáná.

"Mọ́mì, ẹ ò gbà á?"

"Mi ò ráyè."

"Ẹ ò ráyè." Ó tún un sọ. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Ẹ gba àyè tí mi ò rí gbà, ẹ wá sọ ọ́ nù. Tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ lọ, màá mọ̀ pé ẹnì kan nínú wa ń lọ."

Mo rò pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe fi sílẹ̀. Mo rò pé ara á tù ú tí èmi náà ò bá lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé irọ́ ni mo ń pa fún ara mi, pé ẹ̀rù ló bà mí, tàbí pé ó kàn ti rẹ̀ mí.

Nǹkan bí oṣù méjì la fi ń kí ara wa bí ayálégbé. Ó ríṣẹ́ sí ilé ìtajà oògùn kan ní Sango, ó máa ń jáde kí n tó jí tí mo bá ṣe iṣẹ́ òru. Ohun tó padà mú wa sọ̀rọ̀ kò ní láárí. Ọmọ mi kejì ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò, kò yé e, mo sì ti na ara mi sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn àkọ́bí mi láti ìta, ó ní, "Fi ìwé yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀rọ yọ igba kọ́ọ̀bù." Mo dìde lọ jókòó tì wọ́n. Kò lé mi.

Lọ́dún kẹta, ó mú yunifásítì kan lápá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òun àti bàbá rẹ̀ lọ sí Ṣakí láti gba ìwé ọmọ onílùú. Ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n máa bi í ní oríkì ilé wọn, ó sì ń kọ́ ọ nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi débẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í. Àbúrò bàbá ọkọ mi, tí kò rí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, wò ó láti òkèèrè, ó ní imú yìí, imú ilé wọn ni. Ó bá wọn lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì fún un ní ìwé náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ìyanu díẹ̀. Ó ní, "Wọn ò mọ̀ mí o, Mọ́mì, wọ́n kàn mọ imú mi."

Nọ́ọ̀sì náà ló tún mú. Ó gba 257. Wọ́n mú un, ṣùgbọ́n wọn ò fún un ní nọ́ọ̀sì. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ọ̀gbìn ni wọ́n fún un. Ó sunkún lọ́sàn-án yẹn, ó wẹ̀, ó jẹun, ó ní kí n bá òun wá àpótí aṣọ. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti rẹ òun náà.

Mo sìn ín dé gáréèjì ní Sango. Bí a ṣe ń dúró de kí ọkọ̀ kún, ó ní, "Tí mo bá jáde, ẹ̀yin náà máa padà." Mo ní kó kọ́kọ́ wọlé ná. Ó di ọwọ́ mi mú fún ìgbà díẹ̀, awakọ̀ sì ní kí wọ́n máa wọlé.

Ó ti wà lọ́dún kejì báyìí. Ó máa ń pe mí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó ní wọ́n máa ń gbẹ́ ihò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ láti wo bí àwọ̀ ilẹ̀ ṣe ń yí padà. Nígbà míì inú rẹ̀ máa ń dùn sí i. Nígbà míì á béèrè bóyá mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Joju ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo máa ń sọ pé mi ò gbọ́. Èmi ṣì wà ní kọ́ńpìnnì. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí páálí, wọ́n fi mí síbi tí a ti ń yẹ kọ́ọ̀bù wò kó tó jáde, a sì ń jókòó níbẹ̀, èyí tó ṣe ẹsẹ̀ mi lóore.

Ọmọ mi kejì wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn. Obìnrin lòun náà, òfin ló fẹ́ kà. Bàbá rẹ̀ ti mú un lọ sí Ṣakí nígbà ìsinmi ọdún Iléyá, wọ́n ti gba ìwé ọmọ onílùú tirẹ̀ sílẹ̀, ó wà nínú fáìlì. Ó ní Ṣakí ò dùn, pé kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pé Ọ̀tà lòun fẹ́ wà. Mo ní kó lọ mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá.